Èyí Tí Inú Ń Run

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí ti gba ọ̀pọ̀ nínú wa sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀bi: ta ló ráyè yí alángbá padà lọ́kọ̀ọ̀kan? Àwọn kan wà ṣá tí wọn kò gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò yí gbogbo wọn wò, títí kan èyí tó ń sáré kiri tó sì ń mi orí. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mò ń pè ní ọ̀gá nínú iṣẹ́.

Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú jínótáìpù SS, ìyẹn àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), kì í sunkún ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ tó dáyé. Ara rẹ̀ ń dán, ó ń mu ọmú, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ẹbí jó, wọ́n yó. Ní 1948, dókítà obìnrin kan ní New York, Janet Watson, kíyè sí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun kì í sábà tẹ̀ bíi dòjé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìyá wọn ń tẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbé ti inú oyún wá ló ń dáàbò bò ó. Òtítọ́ ló sọ. Ẹ̀jẹ̀ inú oyún yẹn máa ń dínkù bí oṣù ti ń gorí oṣù, ìgbà yẹn ni ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ á wú, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ibà tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ sì lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Àbíkú sọ olóògùn dèké, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Lójú tèmi, olóògùn kò purọ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó pè é ni. Ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n wá fi ẹ̀sùn kàn, tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó dúró.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orí tó ti wọ́ ni àgbà ọjà ń rí. Orí ọmọ tí mò ń wí yìí tọ́ rẹ́gí. Kí ènìyàn tó rí ohun tó wọ́ nínú ohun tó tọ́, ó ní láti ṣe ju kó la ojú lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Robert Guthrie ní Buffalo, ní Amẹ́ríkà, ṣàwárí pé ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ, tí a kán sórí bébà tó ń fa omi, tí a sì sá gbẹ, tó láti fi mọ àìsàn tí kò tíì fara hàn. Irú bébà yẹn náà ni àwọn òyìnbó fi ń wá cystic fibrosis, àìsàn àbímọ́ni tó wọ́pọ̀ láàárín wọn, tó ń sọ kèlẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró di líle, tí kì í sì í jẹ́ kí oúnjẹ dà lára ọmọ. Láti 1985, dókítà Philip Farrell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wisconsin yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun wò. Wọ́n sọ èsì fún àwọn òbí apá kan, wọ́n sì fi ti apá kejì pamọ́ títí ọmọ fi pé ọdún mẹ́rin, àfi tí òbí bá bèèrè tàbí tí àìsàn bá fúnra rẹ̀ yọjú. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì jáde ní 1997, ó hàn pé àwọn tí wọ́n tètè mọ̀ sanra, wọ́n sì ga ju àwọn yòókù lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n fi pamọ́ yẹn ká mi lára. N kò ní fẹ́ jẹ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà náà kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé mímọ̀ ní kùtùkùtù ń ṣe ọmọ láǹfààní, pé kì í ṣe pé ó kàn ń fa ìbànújẹ́ òbí gùn. Farrell kò fẹ́ fi ìgbàgbọ́ lásán bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró de ìdáhùn.

Ìdáhùn tiwa yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1986, Marilyn Gaston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí ọmọ SS tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá ń lo pẹnisílínì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àkóràn tó ń pa wọ́n á fi 84 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Wọ́n ní láti dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àsìkò, nítorí kò bójú mu mọ́ kí apá kan máa lo oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Pẹnisílínì kò wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni kí a fún?

Ọ̀kan lára àwọn tó gbé ìbéèrè yẹn wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Kwaku Ohene-Frempong, ọmọ Ghana, tó ti sá eré ìje tí wọ́n ń fo igi ìdènà ní Yunifásítì Yale kó tó di dókítà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní àìsàn SS yìí. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ó di ọ̀gá ní ẹ̀ka àìsàn náà ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Philadelphia, kò sì jókòó síbẹ̀. Ní 1995, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò ní Kumasi àti abúlé Tikrom. Láàárín ọdún mẹ́wàá, wọ́n yẹ ọmọ tó lé ní 200,000 wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún tó ní i. Iye yẹn ni àwọn oníròyìn ń gbé kiri. Ohun tó wú mi lórí ni wàhálà tó tẹ̀ lé e. Èsì ti dé, ìyá ti lọ. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ilé kò ní nọ́ńbà, tí fóònù kò tíì pọ̀, wọ́n ní láti wá ìyá ọmọ kàn kí oṣù mélòó kan tó kọjá, kí wọ́n sì bá a sọ ọ́ lọ́nà tí kò fi ní ju ọmọ sílẹ̀. Àyẹ̀wò láìsí àwárí, asán ni. Ohene-Frempong kú ní 2022. Ọmọ tó tìtorí rẹ̀ ṣiṣẹ́ ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 2013.

Iṣu atẹnumọ́ràn kì í jóná. Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ibùdó àìsàn náà fi dúró ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálùsì ní Ìbàdàn fi iṣẹ́ rẹ̀ lórí àbùdá ẹ̀jẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ L'Oréal-UNESCO ní 2001.

Ẹ wá jẹ́ ká dé Omagwa. Ẹni tó bá ti wọ bàálù lọ sí Port Harcourt rí ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, ilẹ̀ àwọn Ìkwéré, níbi tí pápákọ̀ òfuurufú wà. Kíá ni ọkọ̀ sì ń gbé e kọjá. Ìyá ń bímọ níbẹ̀, wọ́n ń gbé ọmọ lọ gba BCG àti ẹ̀kán oògùn rọpárọsẹ̀, nọ́ọ̀sì ń gbé e kọ́ sórí òṣùwọ̀n, ó ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú káàdì. Kò sì sẹ́ni tó bèèrè jínótáìpù rẹ̀. Nǹkan bíi 150,000 ọmọ ni wọ́n ń fojú bù pé à ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, a kò sì tíì ní ètò tó ń yẹ gbogbo ọmọ tuntun wò. Pásítọ̀ kò ní so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé jínótáìpù wọn, ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí òbí méjì tó jẹ́ AS ti bí ńkọ́?

Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Obiageli Nnodu ti Yunifásítì Abuja àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde láti Gwagwalada: wọ́n so àyẹ̀wò náà mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, pátákó pẹlẹbẹ kan tí èsì ń hàn lára rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ìyá tó pọn ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àwọn ìyá sì gbà. N kò rí ìdí tí ohun tó ṣeé ṣe ní Gwagwalada kò fi ní ṣeé ṣe ní Omagwa. Káàdì ti wà, òṣùwọ̀n ti wà, ìyá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ibi tó le ni ibi tó le sí ní Kumasi: bí ìyá náà kò bá yọjú ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ta ni yóò pè é, owó ọkọ̀ wo ni nọ́ọ̀sì yóò fi wá a délé, ṣé pẹnisílínì yóò sì wà ní kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tó bá dé?