Àmánà Ni Ọmọ Ológbò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun ní Festac Town àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, bí ológbò bá bímọ sí ẹ̀yìnkùlé yín láìròtẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe pè wọ́n ní àjẹ́, ẹ má sì ṣe dà wọ́n sínú gọ́tà. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ológbò kì í ṣe nàjísì. Ó tún sọ nípa obìnrin tó wọ Iná nítorí ológbò tó sé mọ́lé: kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kó wá tirẹ̀ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá wọn fún ọ̀sẹ̀ 8. Lẹ́yìn náà, ẹ wá aláàánú tí yóò máa bọ́ wọn, kí ẹ sì wo ilé rẹ̀ kí ẹ tó fà wọ́n lé e lọ́wọ́. Ọlọ́hun yóò bi wá léèrè nípa wọn.