Ta Ló Ṣe Iṣẹ́ Náà?

Ṣé ìgbéraga ni kí Kristẹni ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè fi dá a lọ́lá? Ìbéèrè yìí ká mi mọ́lé lóṣù tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó, ń wá ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní EB-1A. Ẹni tó ń wá a kò nílò iléeṣẹ́ tó máa gbà á síṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ tó ti ṣe ló máa gbẹnu sọ fún un. Bí kò bá ní ẹ̀bùn ńlá kan tí gbogbo ayé mọ̀, ohun mẹ́wàá ni òfin kà sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí mẹ́ta hàn, ó kéré tán. Lára wọn ni ṣíṣe adájọ́ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn, àti dídi ipò aṣáájú tàbí ipò tó ṣe kókó mú níbi iṣẹ́ tó lórúkọ.

Ẹ̀gbọ́n mi fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ kí n bá wọn tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá wọn àtijọ́ ló máa fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́. Ìyẹn kò burú lójú mi: bí ẹni tó fọwọ́ sí i bá kà á, tó sì mọ̀ pé òótọ́ ni, ẹ̀rí tirẹ̀ ni. Gbólóhùn kan ló dá mi dúró: pé àwọn nìkan ni wọ́n ṣe ètò ìsanwó iléeṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé ènìyàn mẹ́fà ló ṣe é. Arábìnrin kan tó ti jáde nínú ẹgbẹ́ wa yìí ló ṣe ibi tó le jù. Bí òun náà bá wá ìwé yìí lọ́la ńkọ́? Irọ́ náà kò mọ sọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà. Ohun ọmọnìkejì ni a mú.

Mo pè wọ́n. Wọ́n ní, "O ò tíì ṣiṣẹ́ rí. Ẹni tó bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á dá a padà ni."

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe èyí tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé Òwe 27:2 fẹ́ kí ìyìn wa ti ẹnu ẹlòmíràn wá. Síbẹ̀, Pọ́ọ̀lù ka ìrìn rẹ̀ sílẹ̀ nínú 2 Kọ́ríńtì 11, nígbà tí ìdákẹ́ ìbá ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ka ti apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lára odi mọ́ ọn. Kíkà á kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, àfikún ni.

Mo wá bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe gan-an?" Wọ́n sọ bí àwọn ṣe ń jí lóru fún oṣù mẹ́ta, títí wọ́n fi rí ohun tó ń jẹ́ kí owó àwọn oníbàárà há. Wọ́n ti ṣe adájọ́ ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò tilẹ̀ kọ ọ́ sí i! Òfin ṣáà sọ pé "tàbí ipò tó ṣe kókó." Òótọ́ ti wà nílẹ̀, irọ́ ni kò jẹ́ ká rí i.

Wọ́n ti pa "nìkan" rẹ́. Bóyá wọ́n á rí ìwé náà gbà, mi ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí. Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, mo dìde jẹ́rìí níwájú yín pé àdúrà nìkan ni mo fi yege nínú ìdánwò kan. Ẹ pariwo Halelúyà. Mi ò dárúkọ ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá, tó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ mi. Ó jókòó láàárín yín, ó ń pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá tún ẹ̀rí náà jẹ́. Ìwọ ńkọ́, ta ni o yọ kúrò nínú tìrẹ?