Ohùn Kan, Ògiri Mẹ́ta

Bí ènìyàn bá dúró jìnnà díẹ̀ sí àpáta ńlá bíi Olúmọ wa ní Abẹ́òkúta, tó ké sókè, àpáta á dá ohùn rẹ̀ padà. Gbohùngbohùn ni a ń pe èyí. Ṣé ẹlòmíràn ló dáhùn? Rárá o. Ohùn òun náà ni.

Nǹkan bíi mítà 340 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àpáta bá jìnnà sí wa ju mítà 17 lọ, etí á gbọ́ ohùn méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá sún mọ́ wa, bíi ti yàrá ilé-kéwú, ohùn ẹnu àti ti ògiri á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé pọ̀. Ọlọ́hun dá etí àti ọpọlọ lọ́nà tí wọ́n fi ń so méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan. Ibi tí ohùn àkọ́kọ́ ti wá ni wọn yóò gbà pé olóhùn wà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, à bá máa gbọ́ ohùn èrò rẹpẹtẹ níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: bí etí ṣe gbọ́n tó yìí, kí ló dé tí ọkàn wa kò gbọ́n bẹ́ẹ̀ nípa ìròyìn?

Ní ọjọ́ kan, owó sọnù ní kíláàsì mi. Ọmọ mẹ́ta wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní lágbájá ló mú un. Mo ti mú pàṣán lọ́wọ́. Mo rò pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni mo ní. Nígbà tó yá ni mo bi wọ́n pé: "Ṣé ẹ rí i ni, àbí ẹ gbọ́ ọ?" Ẹnu ọmọ kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbọ́ ọ. Òun náà kò rí nǹkan kan, ó kàn fura ni. Lọ́jọ́ kejì, a rí owó náà lábẹ́ ẹní. Ojú tì mí. Ohùn kan ló kọlu ògiri mẹ́ta, mo sì fẹ́ torí rẹ̀ na ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn onímọ̀ Hádíìsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Hádíìsì àníyàn tí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà á lẹ́nu Yahya bin Sa'id, síbẹ̀ ìròyìn ọ̀nà kan ni wọ́n kà á sí, nítorí láti ọ̀dọ̀ Sayyidunaa Umar títí dé ọ̀dọ̀ Yahya, ẹnì kan ló ń sọ ọ́ fún ẹnì kan. Òdodo àwọn tó gbé e wá ni wọ́n fi gbà á, kì í ṣe pípọ̀ ẹnu.

Ẹlòmíràn á ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdí náà gan-an ni kí á wá. Súúrà Al-Hujurat, aaya 6, pa á láṣẹ pé kí á wádìí ìròyìn, kí á má baà ṣe aláìṣẹ̀ níbi kí á tó kábàámọ̀.

Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì wa tó ti etí dé ẹnu, tàbí kí á tó fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí á béèrè: ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ṣé ó ṣojú rẹ̀? Àpáta ò lẹ́bi bó bá dá gbogbo ohun tó kàn án padà. Kò ní etí. Àwa ní méjì. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lò wọ́n re. Àmín.