Má Fi Ìṣubú Rẹ Pamọ́

Kíkà: Lúùkù 22:31-34, 54-62, Mátíù 27:3-5

Ní 1997, ẹgbẹ́ olórin Magic System gbé àwo àkọ́kọ́ wọn, Papitou, jáde ní Abidjan. Ọjà kò gbà á. Nígbà tí wọ́n padà dé ní 1999, orin ta ni wọ́n kọ? Orin ẹni tí ọjà kò gbà ni. Nínú Premier Gaou, olórin kan kò rówó ná, olólùfẹ́ rẹ̀ já a sílẹ̀. Ọjọ́ tí olólùfẹ́ náà rí olórin yìí lórí tẹlifíṣọ̀n ló sáré padà wá. Orin náà gba ìgboro kan nílẹ̀ Áfíríkà, nígbà tó sì di 2002, àwọn ará Faransé náà ń jó o.

Wọn kò fi ìṣubú pamọ́; orin ni wọ́n fi í kọ. Nínú Bíbélì, Pétérù àti Júdásì, ọmọ ẹ̀yìn Jésù, náà ṣubú, àwọn méjèèjì sì kábàámọ̀. Júdásì tilẹ̀ dá owó tó gbà lórí Jésù padà. Ṣùgbọ́n ó gbé àbámọ̀ tirẹ̀ lọ síbi tí kò sí ará, ibẹ̀ ló sì pa á sí. Pétérù sunkún kíkorò, síbẹ̀ ó padà sọ́dọ̀ àwọn arákùnrin rẹ̀. Ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sọ bó ṣe sẹ́ Olúwa. Ìjọ kò torí pé ó di àgbà bo ìtàn náà mọ́lẹ̀. Kó tó ṣubú rárá ni Jésù ti gbàdúrà fún un, tó sì ti fún un níṣẹ́ tí yóò ṣe bó bá dìde: kó máa gbé àwọn yòókù ró.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ìwọ akọrin tí ohùn há mọ́ lọ́fun lójú agbo, ìwọ òṣèré tí fíìmù rẹ kò tà, wo ẹ̀yìn kí o lè mọ ohun tó gbé ọ ṣubú. Lẹ́yìn náà, sọ ọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Magic System náà wo ẹ̀yìn: ní 2008, wọ́n dá àjọ̀dún orin FEMUA sílẹ̀ ní Anoumabo, àdúgbò tí wọ́n ti jìyà, wọ́n sì ń tibẹ̀ kọ́ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ ẹlòmíràn.

Àdúrà: Olúwa, má jẹ́ kí àbámọ̀ mi yà mí kúrò láàrin àwọn ará. Gbé mi dìde, kí o sì fi ẹnì kan hàn mí lónìí tí ìtàn ìṣubú mi yóò gbé ró. Àmín.