Ẹ̀wù Kékeré Hánà

Ibi kíkà: 1 Sámúẹ́lì 2:12-26, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36-42

Oṣù Kejìlá tún ti dé, oṣù tí ilẹ̀ ń ṣú ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, tí àwọn ọmọ wa ń ti ilé-ìwé bọ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn tí a jọ ń gbé ìlú yìí ń sáré kiri ọjà. Ní tiwa, fóònù ń dún láti ilé: ẹnì kan fẹ́ owó ìrẹsì, ẹnì kejì fẹ́ owó aṣọ ọdún, ẹnì kẹta ní ká kàn má gbàgbé òun. Níbi iṣẹ́ ẹ̀wẹ̀, àwọn tó lẹ́bí nítòsí ń gba ìsinmi, àwa tí ẹbí wa jìnnà ni wọ́n ń bẹ̀ pé ká dúró.

Síbẹ̀ nínú gbogbo hílàhílo yìí, àwọn arábìnrin wa kì í jẹ́ kí ohun kan yẹ̀. Ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ ti Bíbọ̀ Olúwa, wọn a péjọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìsìn. Oníkálukú a gbé ohun tó ti fọwọ́ hun láti ìgbà ooru jáde, wọn a tẹ́ ẹ sórí tábìlì gígùn, wọn a máa yẹ̀ ẹ́ wò, wọn a sì máa bi ara wọn pé, “Báwo lo ṣe ṣe ọrùn rẹ̀ tí kò fi fún?” Ìborùn wà níbẹ̀ fún àwọn bàbá wa tí kò lè jáde nílé mọ́. Ìbọ̀sẹ̀ wà níbẹ̀. Fìlà kéékèèké wà, òmíràn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọsàn ńlá kan lọ, fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù, tí wọ́n ṣì wà ní ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ àwọn màmá wa ló kọ́ iṣẹ́ yìí ní kíláàsì iṣẹ́ ọwọ́ nílé. Ìyá àwọn kan nínú wọn ló sì ń fọwọ́ ran òwú, tó ń hun kíjìpá lórí òfì tí wọ́n gbé ti ògiri. Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa rárá.

Kí n tó tẹ̀síwájú, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo dúró lórí pẹpẹ, mo sì sọ pé bí àwọn obìnrin wa bá lè fi àkókò tí wọ́n ń lò nídìí òwú àti abẹ́rẹ́ gbàdúrà, ọ̀pọ̀ ìdè ni yóò já. Àwọn kan ṣe àmín kíkankíkan. (Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn.) Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó gbé abẹ́rẹ́ méjì àti ìdì òwú kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Bàbá wọn, ẹ bá mi hun ìlà mẹ́wàá péré.” Ogún ojú ló kó sórí abẹ́rẹ́ fún mi. Nígbà tí n ó fi dé ìlà kẹwàá, ó ti di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, n kò sì mọ ibi tí mẹ́fà náà ti wá. Ihò ńlá kan tún wà láàrin rẹ̀. Ìyàwó mi ló wá fi hàn mí pé òwú kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan ló ń di èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mú. Bí ọ̀kan bá bọ́ lórí abẹ́rẹ́ tí a kò tètè rí i, yóò máa já lọ sísàlẹ̀ láti ìlà dé ìlà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yé fi abẹ́rẹ́ wọn ṣe àwàdà lórí pẹpẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé wọn ti ọdún tó kọjá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Arábìnrin kan jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé àpò ọ̀rá lé itan. N kò ní dárúkọ rẹ̀; òun fúnra rẹ̀ ló gbà mí láyè kí n sọ ọ́. Nígbà tó kàn án láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, ó ní, “Ẹ jẹ́ kó kọjá, tèmi kò tíì délẹ̀.” Ọ̀kan nínú àwọn màmá àgbà wa ní, “Ọmọ mi, mú un wá bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la ní àbọ̀ iṣẹ́ nílé.” Ó bá mú un jáde. Súwẹ́tà aláwọ̀ ojú ọ̀run ni, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló tíì hun, kò sì tíì dé abíyá.

Màmá béèrè pé, “Ọmọ ọdún mélòó ló fẹ́ wọ̀ ọ́?”

“Ọmọ ọdún méje, mà.”

“Ṣé ó sígbọnlẹ̀ ni, àbí ó tẹ́ẹ́rẹ́?”

Arábìnrin wa kò dáhùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ pé, “Mi ò mọ̀, mà.” Ló bá bú sẹ́kún.

Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà tó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó rò pé kò ní ju ọdún kan lọ. Ìwé tó yẹ kó mú un wá kò tíì bọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò lè lọ kó sì padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bẹ̀rẹ̀ súwẹ́tà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú u. Bó bá hun ún débì kan, tó pe ilé, ìyá rẹ̀ á ní, “Há, ọmọ ti ga o! Ṣòkòtò tí a rà lọ́jọ́sí ti gun agbede ẹsẹ̀.” Á tún padà lọ tú òwú rẹ̀. Fọ́tò ọmọ wà nínú fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè fi fọ́tò mọ gígùn apá? Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò ní kí ìyá rẹ̀ wọn ọmọ náà. Ó ní ojú ń ti òun. Báwo ni òun, tóun bí ọmọ, yóò ṣe máa bi ẹlòmíràn léèrè bí ọmọ òun ṣe tóbi tó?

Nígbà tí ìyàwó mi délé tó sọ fún mi, mo gbé ìwàásù tí mo ti kọ sílẹ̀ tì. Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí kejì, ni mo ṣí.

Ẹ wo bí orí náà ṣe lọ. Àsìkò ọdún ni. Àwọn ènìyàn ti ìlú wọn wá sí Ṣílò láti rúbọ sí Olúwa. Àwọn ọmọ Élì sì wà níbẹ̀, wọ́n jẹ́ àlùfáà. Bí ẹran bá ń hó lórí iná, ìránṣẹ́ wọn á dé pẹ̀lú àmúga oníga mẹ́ta, á tì í bọ inú ìkòkò, ohunkóhun tí àmúga bá gbé jáde, tiwọn ni. Ìgbà mìíràn, wọn kò tilẹ̀ ní dúró kí wọ́n sun ọ̀rá fún Olúwa ná. Ẹran tútù ni wọ́n ń fẹ́, bí ẹlẹ́ran bá sì jiyàn, wọ́n ní àwọn yóò fi agbára gbà á. Bó bá di ẹsẹ 22, ìwà wọn tún burú ju èyí lọ.

Láàrin ìròyìn burúkú méjì yìí ni ẹsẹ 18 àti 19 wà. Ọmọ kékeré kan ń ṣe ìránṣẹ́ níwájú Olúwa nínú éfódì ọ̀gbọ̀. Lọ́dọọdún, nígbà tí ìyá rẹ̀ bá bá ọkọ rẹ̀ gòkè wá rúbọ ọdún, á mú ẹ̀wù kékeré kan tó dá fún un wá. Ní tèmi, ẹni tó kọ ìwé yìí kò ṣèèṣì fi í síbẹ̀. Àwọn kan wá sí ọdún pẹ̀lú àmúga. Obìnrin yìí wá pẹ̀lú ẹ̀wù.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló wọn Sámúẹ́lì fún un? Rámà ni Hánà wà, Ṣílò ni ọmọ wà. Ó ti tó ọdún kan tó rí i kẹ́yìn, ẹ̀yin òbí sì mọ ohun tí ọdún kan ń ṣe lára ọmọdé. Bíbélì kò sọ bó ṣe mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dá ẹ̀wù náà sí ìwọ̀n ọmọ tó fi sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ̀wù náà kò ní gba ọmọ tó ń lọ bá. Nígbà tó bá ń dá a ní Rámà, ó ní láti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ọmọ òun ń ga lẹ́yìn òun, pé ojú ẹlòmíràn ló ń rí gíga rẹ̀. Èyí nira fún ìyá láti gbà. Ó gbà á, ó sì fi àyè sílẹ̀ nínú ẹ̀wù.

N kò sọ pé ọ̀rọ̀ Hánà àti ti arábìnrin wa dọ́gba o. Hánà jẹ́jẹ̀ẹ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ. Arábìnrin wa kò jẹ́jẹ̀ẹ́ kankan. Ipò ló mú un. Hánà mọ ọjọ́ tí yóò rí ọmọ rẹ̀, nítorí ọdún kì í yẹ̀. Tiwa kò tíì mọ ọjọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tó ń sọ pé, “Ṣe bíi ti Hánà, má sunkún mọ́,” ẹni náà kò ka orí kìíní, níbi tí Hánà ti sunkún títí tí àlùfáà fi rò pé ọtí ló ń pa á.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà, ẹ̀yin ará. Àwọn kan nínú ìjọ yìí ti sọ ọ́ pé ìyá wo ló ń fi ọmọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀. Ìdí tó fi ń jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn nìyẹn. Àwọn kan tún ní kì í wá sí ìsọjí Oṣù Kejìlá, pé owó ló ń lé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ẹ mọ̀ pé ní ọjọ́ Kérésìmesì kì í sí bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í sì í sí ọkọ̀ ojú irin; ẹsẹ̀ ló fi rìn délé lẹ́yìn tó ti fi gbogbo òru gbé àwọn ìyá onílẹ̀ sórí ibùsùn. Owó náà sì ń lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kó tọrọ àforíjì. Èmi náà tọrọ, nítorí mo gbọ́ ọ nígbà kan, n kò sì bá ẹni tó sọ ọ́ wí.

Nínú ìwé Ìṣe, Dọ́kásì kú ní Jópà, wọ́n sì rán ọkùnrin méjì lọ pe Pétérù ní Lídà. Nígbà tó dé yàrá òkè, àwọn opó ló bá níbẹ̀. Wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tí Dọ́kásì dá nígbà tó wà lọ́dọ̀ wọn hàn án. Lẹ́yìn náà ló tó mú gbogbo wọn jáde, tó kúnlẹ̀, tó gbàdúrà, tí Ọlọ́run sì jí obìnrin náà. Mo ti wàásù lórí àjíǹde yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì ka aṣọ ọwọ́ àwọn opó náà sí. Àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nílùú ni wọ́n. Aṣọ ni wọ́n fi sọ tiwọn fún Àpọ́sítélì. Mo ti wá gbà pé àdúrà ni ohun tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí súwẹ́tà náà ṣe parí. Màmá àgbà yẹn ló pín in. Arábìnrin wa ni kó parí ẹ̀yìn, ẹnì kan gba iwájú, ẹnì kan gba apá ọ̀tún, ẹnì kan gba apá òsì. Wọ́n mú ìwọ̀n lára ọmọ ọdún mẹ́jọ kan nínú ìjọ, wọ́n ní ó sàn kó tóbi, torí ọmọ kì í kéré sí i. Kò rọrùn bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ọwọ́ ẹnì kan le, ọwọ́ ẹnì kejì dẹ̀. Iye ojú kan náà ni wọ́n kó, síbẹ̀ apá kan kúrú ju èkejì lọ ní ìka méjì. Wọ́n tú u, wọ́n tún un hun. Òwú tún tán. Wọ́n rí àwọ̀ kan náà rà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lára ìwé rẹ̀ yàtọ̀, ìyẹn ni pé ìgbà tí wọ́n rẹ ẹ́ láró yàtọ̀. Apá òsì bá dúdú díẹ̀ ju ìyókù lọ. Arábìnrin wa fẹ́ tú u. Màmá ní, “Ẹ̀rọ ayárabíàṣá wo ló fẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò? Fi sílẹ̀.”

Arákùnrin kan tó ń lọ ṣọdún nílé ló mú un lọ. Ọyẹ́ ti mú nígbà tó dé Ìbàdàn, súwẹ́tà náà sì bá àsìkò. Ó tóbi fún ọmọ náà. Wọ́n ká ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ìka tó yọ. Ó bi ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé, “Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin lẹ hun ún?” Ó dá a lóhùn pé, “Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo hun.” Ọmọ náà ní kó ka orúkọ àwọn tó hun ìyókù fún òun, ó sì kà wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ìpàdé ti ọdún yìí, arábìnrin wa kò jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Okùn kan ló mú jáde nínú àpò rẹ̀. Ó ti béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti wọn ọmọ náà, ó ta kókó sí i: kókó kan fún apá, èkejì fún àyà, ẹ̀kẹta fún gígùn ẹ̀yìn. Ẹnì kan ló mú un ti ilé bọ̀. Wọ́n ti kó ojú sórí abẹ́rẹ́, òwú aláwọ̀ ewé, wọ́n sì ra gbogbo ìdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá òsì kò tíì ní ẹni tí yóò hun ún. Ẹni tó bá ráyè, kó jọ̀wọ́ rí Ìyá Ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìsìn.