Ti Ta Ni Ṣéńjì?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò: owó tí ó ṣẹ́kù sí ọwọ́ olùtajà lẹ́yìn tí a ti ra ọjà tán, ti ta ni í ṣe?

Ní ọdún 2007 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gbé owó ẹyọ 50 kọ́bọ̀, náírà 1 àti náírà 2 titun jáde. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà kò tẹ́wọ́ gbà wọ́n, ọ̀wọ́n ọjà sì sọ wọ́n di aláìníláárí. “Kò sí ṣéńjì” di orin lẹ́nu olùtajà. Kọ́ńdọ́ Èkó a máa so èrò méjì pọ̀ mọ́ owó kan, kí wọn sọ̀kalẹ̀ lọ wá ẹni tí yóò ṣẹ́ ẹ fún wọn. Wàhálà ni, ṣùgbọ́n owó náà pé. Ẹlòmíràn a fi súìtì lé oníbàárà lọ́wọ́ dípò 50 náírà, láìbéèrè bóyá ó fẹ́ ẹ. Lójú tiwa, ìyẹn kì í ṣe ọjà títà, ipá ni. Bí oníbàárà bá kó súìtì kan náà padà wá lọ́la láti fi ra búrẹ́dì, ǹjẹ́ a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa léèrè pẹ̀lú. Ọmọbìnrin tí ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù ṣi owó kà, ó fún wa ní 500 náírà lé. A rí i, a dákẹ́, a jáde. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ohun tí ó bá dín nígbà tí wọ́n bá ka owó ní alẹ́, lára owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò ti yọ ọ́. Àwọn kan a ní ọ̀gá rẹ̀ lówó. Kì í ṣe ọ̀gá ni yóò san án.