Ohùn Ìkìlọ̀

Ní ọjọ́ 3 oṣù Òkùtóbà ọdún 2013, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan gbéra ní Èkó láti gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà kan rí, lọ sí Àkúrẹ́. Ènìyàn 20 ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ó ti fò ni ó já lulẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì kú.

Àwọn tí ìjọba rán láti wádìí ọ̀ràn náà rí i pé, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré lórí ilẹ̀, àmì ti hàn pé abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ apá ọ̀tún kò yí bí ó ti yẹ. Ohùn ìkìlọ̀ tí a ṣe sínú ọkọ̀ náà ń ké, ó sì tún ń ké. Wọn kò dúró.

A ha lè bú wọn bí? Ní Ìjẹ̀bú wa níhìn-ín, bí a bá ti dá ọjọ́ ìsìnkú, tí a ti ra aṣọ, tí àlejò ti dé, ta ni yóò dìde wí pé, “Ẹ jẹ́ kí a dúró ná”?

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Balógun ọ̀rún gba ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ gbọ́ ju tirẹ̀ lọ. Nínú ìjì, wọ́n wá fetí sí ẹlẹ́wọ̀n náà. Ọkọ̀ fọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn 276 gúnlẹ̀ láàyè. Ti Èkó kò rí bẹ́ẹ̀.